Oúnjẹ Wo Ni Ó Ń Dín Ìsanra Kù Jù?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ijora Badia, lẹ́yìn ìsìn, iyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ. Ọ̀kan wí pé òun ti kọ ẹ̀bà sílẹ̀, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òun ń jẹ. Èkejì wí pé ẹran, ẹja àti ẹyin nìkan ni tòun, òun kò fi ọwọ́ kan òkèlè mọ́. Ẹ̀kẹta wí pé ọ̀rá gan-an ni ọ̀tá. Ẹ̀kẹrin kò sọ nǹkan kan. Oògùn àtọ̀gbẹ ni ó ń lò, ó sì ti ń gbààwẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsọ fún dókítà. Òun ni ó dákú lẹ́bàá ojú irin ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe mú kálámù.

Iyàn náà ti pẹ́ ní ayé. Ní ọdún 1863 ni William Banting, ará London tí ń ṣe ètò ìsìnkú (bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kìlọ̀ fún un!), tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa bí ìsanra òun ti dín kù nígbà tí òun fi búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún sílẹ̀. Dókítà Robert Atkins ti Amẹ́ríkà tún gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1972.

Àwọn onímọ̀ ti dán ọ̀ràn náà wò. Ní ìlú Boston, wọ́n pín ènìyàn 160 sí ọ̀nà ìjẹun mẹ́rin. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2005. Lẹ́yìn ọdún kan, kìló bí 2 tàbí 3 péré ni ó dín lára wọn. Àwọn tí ó di ọ̀nà tiwọn mú ṣinṣin ni ó fúyẹ́ jù, ọ̀nà yòówù kí ó jẹ́. Ní ọdún 2018, àwọn ará Stanford ròyìn nípa ènìyàn 609: àwọn tí ó dín ọ̀rá kù sọ kìló 5.3 nù láàárín ọdún kan, àwọn tí ó dín oúnjẹ oníyẹ̀fun àti ṣúgà kù sọ 6.0 nù. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹlòmíràn fúyẹ́ gidigidi, ẹlòmíràn sì tún sanra sí i.

Ní ti ààwẹ̀, a dán an wò ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2022. Gbogbo wọn ni a dín oúnjẹ wọn kù bákan náà. Àwọn kan ń jẹun láàárín wákàtí mẹ́jọ péré, àwọn yòókù ń jẹun nígbà tí ó bá wù wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín wọn nígbà tí ọdún yí po. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kan, tí ó sì fi ebi pa ara rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ààrò. Bí a bá wọn gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́gbọọgba, agbára tí wọ́n ń fún ara fẹ́rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tí ó fi òkìtì àmàlà rọ́pò òkìtì ẹ̀bà kò tíì ṣe nǹkan kan. Epo ńkọ́? Gíráàmù kan rẹ̀ ní kálórì 9, nígbà tí ti gàrí kò ju 4 lọ. Ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ ni ó ń tú gbogbo ètò ká. Ní ti tíì amúnifúyẹ́ tí a ń kiri, ewé asúnniyàgbẹ́ ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Omi ara ni ó ń lọ, a sì tún mu ún padà ní ọjọ́ kejì. Èmi náà ti ra irú rẹ̀ rí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Ìyá wa ti sàn. Dókítà ti tún àkókò oògùn rẹ̀ tò, ó sì ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ ní ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó ń fi rìn lọ sí ọjà Boundary báyìí. Epo inú ẹ̀fọ́ rírò rẹ̀ ti dín kù, bàbá ilé sì ń kùn.