Bí Jane Wright Ṣe Ń Dán Oògùn Jẹjẹrẹ Wò Nínú Ìgò

Aboyún tó bá ti fẹsẹ̀ kan ọsibítù fún àyẹ̀wò ti mọ hóró oògùn yẹ́lò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fólíìkì ásíìdì. Ara wa kì í ṣe é fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà la ti ń rí i jẹ, wọ́n sì ń fún aboyún kún un kí ọmọ inú lè dàgbà dáadáa. Oògùn mìíràn wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, tó tún yẹ́lò bíi tirẹ̀, àmọ́ tí ẹni tó lóyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Methotrexate lorúkọ rẹ̀. Ìjọra yìí gan-an ló fi ń bá jẹjẹrẹ jà. Dókítà obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Harlem, nílùú New York, Jane Cooke Wright, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé ó lè ran ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da DNA rẹ̀ kọ, kó lè fún èkejì ní tirẹ̀. Kò lè rí àdàkọ yìí ṣe láìsí fólíìkì. Ẹ́ńsáìmù kan ló máa ń gba fólíìkì wọlé, tí á tún un ṣe, tí á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìlò. Tí methotrexate bá dé, ẹ́ńsáìmù á ṣì í mú. Ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tó jọ ti ilé: ó wọ ihò, kò yí, kò sì ṣeé fà yọ, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ gidi lọ́wọ́ náà á wá dúró síta. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí kì í sinmi pípín, ni ìyà yìí kọ́kọ́ ń jẹ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ìdí irun, awọ inú ẹnu, ìfun àti mùdùnmúdùn inú egungun náà ń pín kíákíá. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹni tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, fi ń dégbò, tí irun fi ń re.

Lọ́dún 1948, Sidney Farber ní Boston kéde pé irú oògùn yìí mú kí ara àwọn ọmọdé kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yá fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn ṣá. Ní ti kókó tó le gbagidi nínú ọmú, ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọdún yẹn kan náà ni Louis Wright, bàbá Jane, dá ibùdó ìwádìí jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Harlem Hospital, níbi tó ti jẹ́ dókítà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́. Àwòrán yíyà ló kọ́kọ́ wu ọmọ yìí. Bàbá ló fà á wá sídìí ìṣègùn. Jane gboyè dókítà ní 1945, ó bá bàbá rẹ̀ ní ibùdó ní 1949, nígbà tó sì di 1951, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rí i pé àwọn oògùn tó ń dènà fólíìkì lè mú kí kókó ọmú súnkì. Bàbá kú ní 1952. Ọmọ di ọ̀gá ibùdó, kò sì tíì ju ẹni ọdún 33 lọ.

Lójú tèmi, methotrexate kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù. Iṣẹ́ ìgò ni. Obìnrin méjì lè ní jẹjẹrẹ ọmú, kí oògùn kan náà ran ẹnì kan lọ́wọ́, kó má sì ta putu lára èkejì. Báwo ni dókítà ṣe fẹ́ mọ̀ kó tó fa oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì sí aláìsàn lára? Wright ní ká bi kókó náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á gé díẹ̀ lára kókó tí wọ́n yọ, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú ìgò pẹ̀lú omi tí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Tó bá ti ń hù, wọ́n á kán oògùn kan sí ìgò kan, òmíràn sí èkejì, wọn ò ní kán nǹkan kan sí ẹ̀kẹta, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n á fi wé e. Ó kù kí wọ́n máa yọjú wo máíkíróskópù: sẹ́ẹ̀lì wo ló ṣì ń pín, èwo ló ti fọ́? Jewel Plummer Cobb, onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, bá a ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ìgò bá sọ, Wright á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ara aláìsàn sọ: ìwọ̀n kókó, iye sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, egbò ẹnu.

Ìgò máa ń parọ́ o. Kókó mìíràn kì í hù nínú rẹ̀ rárá. Oògùn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ yí i padà kó tó lágbára, ìgò ò sì ní ẹ̀dọ̀. Síbẹ̀ ìbéèrè náà ò kú. Olúfúnmiláyọ̀ Olopade, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, ń bi àbùdá tí obìnrin jogún ní ìbéèrè tó jọ ọ́: irú jẹjẹrẹ ọmú wo ló lè mú ẹni yìí, kí ló sì yẹ ká ṣe fún un?

Ní 1964, èèyàn méje jókòó sí Chicago, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń wo jẹjẹrẹ, ASCO, sílẹ̀. Wright nìkan ni obìnrin láàárín wọn, òun nìkan náà ni aláwọ̀ dúdú, òun ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé àti akápò. Ó fẹ̀yìn tì ní 1987, ó kú ní 2013.

Methotrexate ṣì wà ní ilé oògùn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tún ń lò ó fún irú oríkèé ríro kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe gidigidi. Dókítà sì sábà máa ń kọ fólíìkì mọ́ ọn, kí ẹnu má baà dégbò, àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Inú ọ̀rá kan náà ni hóró yẹ́lò méjèèjì máa ń bá aláìsàn délé, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí ló sì yà wọ́n.