Ara wíwú àti ìṣesí eku ìhòòhò

Eku ìhòòhò, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Heterocephalus glaber, jẹ́ eku kékeré tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irun lára, tí ó ń gbé inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Ethiópíà àti Sòmálíà. Ó yàtọ̀ sí òkété tí àwọn ará Morogbo àti agbègbè Àgbádárìgì mọ̀. Òkété máa ń dá gbé ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n eku ìhòòhò máa ń gbé pọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, abo kan ṣoṣo ni ó sì ń bímọ láàárín wọn.

Ohun tí ara wíwú ń fà
Nígbà tí ara bá ní ìpalára, ojú ibẹ̀ a máa wú, a máa gbóná, a sì máa dun ẹni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ni awọ tí ó dá ṣáká lára lè ta ojú ibi tí ó wú gan-an.

Ìwádìí ọdún 2008
Ní ọdún 2008, Thomas Park, Gary Lewin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú PLoS Biology. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fi ásíìdì àti capsaicin, èròjà tí ń mú kí ata máa ta, sí ẹsẹ̀ èkúté àti ti eku ìhòòhò. Èkúté ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Eku ìhòòhò kò ṣe bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Nígbà tí wọ́n mú kí ẹsẹ̀ wọn wú, èkúté ń tètè sá fún ooru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ìṣesí eku ìhòòhò sí ooru kò yí padà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé eku yìí kò mọ ìrora. Bí nǹkan bá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú, ó máa ń tètè fà á sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀
Iṣan ìmọ̀lára inú awọ rẹ̀ kò ní substance P, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ń bá ìrora rìn. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2016 fi hàn pé TrkA, tí ń gba iṣẹ́ tí purotéènì NGF ń jẹ́ níbi tí ara bá ti wú, kò lágbára tó nínú eku yìí.

Àǹfààní fún ènìyàn
NGF ń fa ìrora nínú ara ènìyàn pẹ̀lú. Tanezumab, oògùn tí ń dí i lọ́wọ́, dín ìrora oríkèé kù nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n oríkèé àwọn kan tí wọ́n gbà á tètè bàjẹ́. Nítorí náà, eku tí apá kan ìrora rẹ̀ dákẹ́ láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ parẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì fún àwọn tí ń wá oògùn ìrora.