IṢẸ́ ỌMỌDÉ NÍNÚ OKO KÒKÓ

Kì í ṣe ohun àjèjì kí ọmọ àgbẹ̀ tẹ̀ lé baba rẹ̀ lọ sí oko, nítorí níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ń bẹ tí ń kọ́ ọmọ, òmíràn sì ń bẹ tí ń ba ọmọ jẹ́. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí 1,480,000 ọmọdé ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ eléwu nínú oko kòkó Gánà àti Ivory Coast ní ìgbà ìkórè ọdún 2018 sí 2019.

Ẹni tí ó bá ti fọ́ kòkó rí mọ ewu náà. Ọwọ́ kan di èso mú, èkejì ń ju àdá. Bí ojú ọmọ bá ṣí, ìka ni yóò bá a lọ. Kòkó tútù wúwo, ọrùn ọmọdé kò sì tíì le. Ti oògùn tí a ń fín burú jù, nítorí ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbà lọ.

Èéṣe tí baba fi gbà bẹ́ẹ̀? Kì í sábà ṣe ìkà. Ní Gánà, alábòójútó oko tí ó wà nínú ètò abusa ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn oúnjẹ àti aṣọ, kí ni yóò fi san owó alágbàṣe?

Òfin Gánà ti ọdún 1998 gba ọmọ ọdún 13 láyè láti ṣe iṣẹ́ fúyẹ́ tí kò dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ eléwu di ọdún 18. Kí ọmọ máa yí kòkó tí a sá sí oòrùn nígbà tí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí ó sì jìnnà sí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín.