Kí Ni Ẹbọ Ń Dà Lẹ́yìn Tó Bá Wọ Omi?

Ní ìhà àríwá Hamburg ni Steilshoop wà, àdúgbò ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1969 sí 1975. Lẹ́yìn àwọn ilé náà ni adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Bramfelder See, itẹ́ òkú ńlá ti Ohlsdorf sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Olórìṣà tó bá ń gbé ibẹ̀, tó fẹ́ fi oyin bọ Ọ̀ṣun tàbí kó gbé èso fún Yemọja, kò ní láti wọ ọkọ̀ kó tó rí omi. Ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn débẹ̀.

Adágún kì í ṣe òkun, ṣùgbọ́n òkun ni omi rẹ̀ ń lọ. Odò kékeré Seebek ló gba inú rẹ̀ kọjá. Seebek wọ Osterbek, Osterbek wọ Alster, Alster wọ Elbe láàárín ìlú, Elbe sì gba ẹ̀gbẹ́ Cuxhaven wọ Òkun Àríwá. Ó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ẹni tó bá gbé nǹkan sínú omi ní Steilshoop ti rán an ní ìrìn-àjò. Èwo nínú ẹrù náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá, èwo ni yóò sì há sí ọ̀nà?

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrìṣà kọ́ ló rán wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àbùùbùtán olórí ńlá 30 gúnlẹ̀ sí etíkun Òkun Àríwá, ní Jámánì àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, wọ́n sì kú. Akọ ni gbogbo wọn, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì ìṣègùn ẹranko ti Hannover, tí wọ́n ní ibùdó ní Büsum ní etíkun, wà lára àwọn tó la ikùn wọn. Nínú àbùùbùtán 22 tí wọ́n yẹ̀ wò, 9 ló ní ìdọ̀tí ènìyàn nínú. Wọ́n bá àwọ̀n ìkó-edé tó gùn tó mítà 13, wọ́n sì bá ike ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Àwọn olùwádìí náà kò fi bò pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló pa àwọn ẹran náà. Òkun ibẹ̀ ni kò jìn tó fún wọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òkun, irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ dára ju ìdẹ́rùbà lọ. Síbẹ̀, àwọ̀n náà wà nínú ikùn.

Orúkọ Yemọja fúnra rẹ̀, Yèyé-ọmọ-ẹja, ti sọ ẹni tí àwọn ohun abẹ̀mí inú omi jẹ́ sí i. Kò sí olórìṣà tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ gbé májèlé fún ọmọ ẹni tó ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú agbọ̀n lóde òní: rìbọ́n tí wọ́n fi òwú ike hun, òdòdó ọ̀rá, ìgò lọ́fínńdà, dígí, òòyà oníke, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán tí wọ́n fi ike ṣe, àbẹ́là inú agolo. Ike kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn àti ìgbì ni yóò gé e sí wẹ́wẹ́ títí ẹja kékeré yóò fi rí i gbé mì.

Owó ẹyọ ló sàn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí inú òkun ló ti wá. Ohun kan wà nípa owó ẹyọ tí ọ̀pọ̀ olórìṣà ní Hamburg kò mọ̀. Ní àwọn ọdún 1850, ilé iṣẹ́ O'Swald ti ìlú yìí ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó àti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń fi í ra epo pupa. Wọ́n kó o dé débi pé owó náà kò níye mọ́. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú owó ẹyọ àtijọ́ tó wà lójúbọ nílé ti gba ọwọ́ oníṣòwò Hamburg kọjá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba ọ̀rọ̀ ike. Èyí tí wọn kì í sábà gbà ni ọ̀rọ̀ oyin àti èso. Wọ́n á ní, ṣebí ilẹ̀ ló hù ú, yóò jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò jẹrà, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ẹ wo odò Elbe nígbà ooru. Àwọn ewéko tín-tìn-tín tó ń mú omi di àwọ̀ ewé máa ń pọ̀ ní apá òkè odò, níbi tí omi kò jìn, tí oòrùn sì ń dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣàn dé èbúté Hamburg, tí wọ́n ti gbẹ́ jìn nítorí ọkọ̀ ńlá, wọn kò rí oòrùn mọ́. Wọ́n á kú, kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ wọ́n, jíjẹ náà á sì máa gba ọ́síjìn inú omi. Bí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀ ju mílígíráàmù 3 lọ nínú lítà omi kan, ẹja kò rí èémí mí. Kò sí ẹni tó da májèlé sí i. Ohun tó jẹrà ni.

Ẹja kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stint, tó ń rùn bíi kùkúmbà. Òun ni oúnjẹ ẹyẹ àti àwọn ẹja tó jù ú lọ. Nígbà ìrúwé, Schweinswal, ẹran omi tó jọ dọ́fínì kékeré, máa ń tẹ̀ lé e láti inú òkun títí dé Hamburg. Stint ti dín kù gidigidi, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Hamburg sì ń wádìí ìdí rẹ̀: àìtó ọ́síjìn wà nínú ohun tí wọ́n ń wò, ẹrẹ̀ tí gbígbẹ́ odò ń rú sókè náà sì wà níbẹ̀.

Oyin olórìṣà kan kò lè ṣe Elbe ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Bramfelder See kì í ṣe Elbe. Seebek ni wọ́n sé tó fi di adágún, omi rẹ̀ kò sì yára ṣàn. Ìgò oyin méjì, bàrà márùn-ún tí wọ́n là, àkàrà òyìnbó tí àwọn mìíràn ń jù sí pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo rẹ̀ ní etí omi kan náà ní oṣù kẹjọ: iṣẹ́ kan náà ni kòkòrò àìfojúrí yóò ṣe níbẹ̀.

Àwọn àgbà ti ronú lórí èyí ṣáájú. Ní Salvador, ní Brazil, ọjọ́ kejì oṣù kejì ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sínú òkun ní Rio Vermelho. Àwọn apẹja ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ẹja wọ́n. Ìyálórìṣà Stella de Oxóssi, tó ṣe olórí Ilé Àṣẹ Ọ̀pọ́ Àfọ̀njá láti 1976 títí ó fi wàjà ní 2018, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ilé òun kò ní gbé ẹ̀bùn sínú òkun mọ́. Kí àwọn ọmọ òun lọ sétí omi, kí wọ́n kọrin. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé kò mọ àṣà?

Nílé náà, ọ̀rọ̀ ti kọjá àríyànjiyàn. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà, nítorí ìwakùsà wúrà ní apá òkè rẹ̀ ti bà á jẹ́. Omi tí wọ́n ń fi tọrọ ọmọ!

Àwọn kan á sọ pé ẹbọ tí a kò gbé dé omi kò dà. Ẹ má fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n olórìṣà ní ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní: ó lè béèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá àwọn tó ti Cuba wá, wọn kì í gbé ẹbọ kúrò nílẹ̀ láì da obì tàbí ẹ̀rìndínlógún láti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ fi ìbéèrè kún èyí tí ẹ ti ń bi í. Ṣé etí omi ni, àbí inú omi? Ṣé kí a fi han ìyá, kí a gbé e padà, kí àwọn ọmọ sì jẹ èso náà? Ṣé ìka kan oyin tó, tí a fi kan omi? Ṣé ẹsẹ̀ igi ni? Bó bá sì ní inú omi ni dandan, ẹ bi í pé: omi wo?