Ohùn ti dákẹ́, iṣẹ́ kò tíì yá

Láti ìgbà tí àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Cobenfy ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ohun tí ìròyìn ń tẹnu mọ́ ni pé oògùn schizophrenia yìí kì í dènà dopamine, kẹ́míkà inú ọpọlọ, ní tààrà bí àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹni tó ní aláìsàn nílé ní Ìlàjẹ, ní Bariga nílùú Èkó, yàtọ̀: ṣé yóò lè ṣiṣẹ́ padà?

Ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, àti ìfura pé wọ́n ń lépa òun, la fi ń dá àìsàn yìí mọ̀ ládùúgbò. Àwọn yẹn ni oògùn ń kápá jù, láti ìgbà tí oògùn chlorpromazine ti dé ní àwọn ọdún 1950. Èyí tó máa ń ba iṣẹ́ àti àjọṣe jẹ́ pẹ́ jù kì í pariwo: aláìsàn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, kì í wẹ̀ bí a kò bá rán an létí, kì í yọjú sí ọ̀rẹ́. Ará ilé á ní ọ̀lẹ ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Àwọn olùwádìí rí i pé adùn kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀. Gbé ẹja yíyan gbígbóná síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, á sì gbádùn ẹ̀. Èyí tó jọ pé ó dín kù ni ìrètí adùn: kí ó fojú inú rí ẹja náà láàárọ̀, kí ó sì tìtorí ẹ̀ dìde lọ sídìí àwọ̀n. Ó jọ pé ọpọlọ ń rí wàhálà iṣẹ́ ní kíkún, èrè rẹ̀ kò hàn sí i dáadáa. Kò sí bí èébú ṣe lè tún ìyẹn ṣe.

Bóyá Cobenfy lè tún un ṣe, kò tíì yá láti sọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni ìdánwò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ní 1954, ní Aro, Abẹ́òkúta, dókítà ọpọlọ Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ ará abúlé, tìbátan-tìbátan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Nígbà tó yá, àjọ WHO tọpa àwọn aláìsàn schizophrenia ní ibùdó mẹ́sàn-án lágbàáyé. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti sàn jù lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣeé pín wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀: létí ọ̀sà Ìlàjẹ, ẹni tí kò lè nájà ṣì lè máa to ẹja sórí iná, bí ẹnì kan bá ń pè é lárààárọ̀.

Bí ẹ bá ń mú aláìsàn yín lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba, ẹ má ròyìn ohùn nìkan fún dókítà. Ẹ sọ ti ìdákẹ́jẹ́ náà, torí oògùn lè wà lára ohun tó ń fà á, dókítà ló sì lè yí i padà.