Bí omi rédíétọ̀ ṣe ń ba jíà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ jẹ́, àti ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Òkun lè ṣe sí i

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀ mu gan-an ni, nítorí pé omi inú rédíétọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ohun tó ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ooru, omi yìí kan náà ló tún ń yọ́ wọnú jíà, tó sì ń pa á. Kí ọlọ́kọ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, ọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ owó rédíétọ̀ lásán ti di owó odidi jíà, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń ta méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Ní Kabba àti káàkiri ilẹ̀ Òkun, láti Bùnú dé Ìjùmú, láti Mọ̀pà dé Yàgbà, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Òun ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rà, òun náà ni oníṣòwò fi ń ná ọjà Lọ́kọ́jà, òun kan náà ni àgbẹ̀ fi ń kó iṣu. Òkè pọ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀, oòrùn oṣù kẹta sì máa ń mú. Kódà lójú ọ̀nà oníkankéré tó so Obajana pọ̀ mọ́ Kabba, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 43, bí ọkọ̀ kékeré bá há sẹ́yìn tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì, tó ń wọ́ lọ lórí òkè, ooru gbáà ni jíà ń rí. Kò sì sí ẹni tó máa gbàdúrà pé kí ọkọ̀ òun dákú sáàárín Kabba àti Ìsánlú nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ní àkókò tí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò fọkàn balẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó so rédíétọ̀ pọ̀ mọ́ jíà. Ọ́ìlì ni jíà ọ́tò fi ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì náà sì máa ń gbóná gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, páìpù méjì ló ń gbé ọ́ìlì yìí láti inú jíà lọ sínú rédíétọ̀ àti padà. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti máa ń gba inú ohun èlò kékeré kan kọjá, èyí tí wọ́n ri sínú omi rédíétọ̀ kí omi náà lè mú un tutù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló pààlà sáàárín ọ́ìlì àti omi. Bí ìpẹtà bá jẹ irin náà, tàbí tí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ bá sán, ààlà ti wó nìyẹn. Ọkọ̀ oníjíà mánúà kì í sábà ní irú ètò yìí.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù inú jíà ń fi agbára ti ọ́ìlì lọ, nítorí náà ọ́ìlì ló sábà máa ń wọnú omi. Ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, agbára pọ́ǹpù dópin. Omi gbígbóná tí ìdérí rédíétọ̀ há mọ́ inú ṣì ń wá ọ̀nà àbáyọ, ojú ibi tó sán yẹn ló sì máa gbà wọnú jíà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ lè dé ilé láyọ̀ lálẹ́, kó má sì gba jíà dáadáa mọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí omi bá ti dé inú jíà, iṣẹ́ ibi mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń tú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ àwọn àwo pẹlẹbẹ inú jíà, tí jíà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó ń dá ìpẹtà sára irin. Ó sì ń jẹ́ kí ọ́ìlì máa hó, tí kò fi ní lágbára láti ti ohunkóhun mọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí jíà wà nínú ọ́ìlì yìí gan-an, omi sì lè bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti àwọn ọkọ̀ Nissan Pathfinder, Xterra àti Frontier tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2010. Àwọn tó ni ọkọ̀ wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà figbe ta, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì fi kún wáráńtì rédíétọ̀ wọn títí di ọdún 8 tàbí máìlì 80,000. Àkókò yẹn ti kọjá tipẹ́, bẹ́ẹ̀ irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì wà lójú pópó Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bá ẹni tó rà á san owó àtúnṣe.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ó bá rí ọ̀rá tó léfòó lójú omi, kó fura. Kó fa gééjì ọ́ìlì jíà yọ. Bọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 ni wọ́n fi de gééjì ti Pathfinder tí a mẹ́nu bà yẹn, nítorí náà kó mú sípánà dání. Ọ́ìlì tó dára máa ń pupa, ó sì máa ń mọ́ gaara. Èyí tí omi ti bá lò máa ń ki, á funfun mọ́ pupa, bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n da epo pupa sí. Ẹni tó bá rí èyí, kó máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ti ẹni tó ti ra ọkọ̀ tirẹ̀, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Omi odò tàbí ti kànga kọ́ ló yẹ kó máa wà nínú rédíétọ̀, nítorí pé ìpẹtà ni ó ń mú wá. Kúláǹtì tó bá ọkọ̀ náà mu ló dára, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Àwọn kan rò pé ìlú olótùútù nìkan ni kúláǹtì wà fún, ṣùgbọ́n òun náà ló ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Bí rédíétọ̀ bá ti gbó, tuntun ni kí wọ́n rà, kí wọ́n má fi ògbólógbòó rọ́pò ògbólógbòó. Ọ̀nà mìíràn wà tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè gbà: kó yọ páìpù ọ́ìlì jíà kúrò lára rédíétọ̀ pátápátá, kó so ó mọ́ ohun èlò ìmúọ́ìlìtutù mìíràn tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí níwájú ọkọ̀. Bí ọ́ìlì kò bá ti wọ rédíétọ̀ mọ́, omi kò ní ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀.

Fífi ata, ẹyin tàbí gọ́ọ̀mù dí ojú ibi tó ń jò kì í ṣe àtúnṣe. Ó lè dí ihò ìta fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dí àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà kọjá, tí ẹ́ńjìnnì àti jíà á fi jọ máa gbóná. Rédíétọ̀ tó ń jò síta pàápàá ń pa jíà lára, nítorí pé omi tó bá dínkù kò lè mú ọ́ìlì tutù mọ́.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé omi ti wọlé, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó má sì tún un tan. Kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ ọ́tò lọ sọ́nà jíjìn, kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni. Rédíétọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ́ìlì tuntun fọ inú jíà léraléra títí tí yóò fi mọ́. Bí wọ́n bá tètè ṣe é, jíà lè yè. Bí ọkọ̀ bá ti rìn pẹ́ pẹ̀lú omi nínú, àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn àwo inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àyẹ̀wò ìdérí àti gééjì ń gbà. Ó yẹ kí ẹni tó ń lọ láti Kabba sí Lọ́kọ́jà lè yọ̀ǹda rẹ̀ kó tó gbéra.