Yíyọ Fáàfù Èéfín Alùpùpù: Ohun tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

1.0 Ìfáárà

Coconut jẹ́ ibùdókọ̀ kan ní ojú títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò jìnnà sí èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2017 sí 2021, àwọn tírélà tí ó fẹ́ wọ èbúté a máa tò lọ bẹẹrẹ ní ojú ọ̀nà yìí, kí ìjọba tó gbé ìlànà ìpe-ọkọ̀-wọ-èbúté tí wọ́n sọ ní Ètò kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ èrò ń gùn láti gba àárín àwọn tírélà náà kọjá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n sì tún òfin náà fi rinlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ajégúnlẹ̀ wà, kò sí lára mẹ́fà tí òfin méjèèjì yìí dárúkọ.

Ohun tí ọlọ́kadà ń fẹ́ ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré àsápajúdé. Alùpùpù tí yóò dá a lóhùn ní kété tí ó bá lọ́ ọwọ́ epo ni ó ń fẹ́, láti ibi tí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, pẹ̀lú èrò àti ẹrù lẹ́yìn. Láàrin àwọn tí ń gun alùpùpù, nílé àti lókè òkun, ìgbàgbọ́ kan wà pé bí wọ́n bá yọ fáàfù èéfín, ìdáhùn yìí yóò yá sí i. Èrò iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí fáàfù náà jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ó sì fi hàn pé, lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ó ní in, ibi tí awakọ̀ ti nílò agbára jù gan-an ni yíyọ rẹ̀ ti ń dín agbára kù.

2.0 Orúkọ Kan, Ohun Mẹ́ta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbólóhùn náà, "yọ fáàfù èéfín", jẹ́ pọ́n-na, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn lè ní lọ́kàn.

Èkínní ni fáàfù inú ẹ́ńjìnnì. Lórí ẹ́ńjìnnì onírìn-mẹ́rin, èyí tí pístọ́ọ̀nù rẹ̀ ń rin ìrìn mẹ́rin kí iṣẹ́ kan tó parí, fáàfù kan ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, èkejì ń lé èéfín jáde. Bí wọ́n bá yọ èyí tí ń lé èéfín, ihò rẹ̀ yóò là sílẹ̀, pístọ́ọ̀nù kò ní rí afẹ́fẹ́ àti epo fún pọ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ́ńjìnnì onírìn-méjì, irú ti Suzuki AX100, kò tilẹ̀ ní irú fáàfù yìí. Pístọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ihò èéfín tí ó sì ń bò ó.

Èkejì ni fáàfù inú páìpù èéfín. Awo irin pẹlẹbẹ kan ni, tí ó ń yí láàrin páìpù láti fẹ ọ̀nà tàbí láti dín in kù. Èyí ni àwọn tí ń gun alùpùpù ńlá ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí yíyọ fáàfù.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe fáàfù rárá. Àwọn awo irin àti ọ̀pá oníhò tí ó wà nínú sáléńsà láti pa ariwo ni. Àwọn kan a máa gé wọn kúrò, wọn a sì retí èrè kan náà.

3.0 Iṣẹ́ Fáàfù Inú Páìpù

Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Yamaha ti orílẹ̀-èdè Jàpáànù fi irú fáàfù kejì yìí sára alùpùpù FZR400R, wọ́n sì sọ ọ́ ní EXUP. Mọ́tò kékeré oníná ni ó ń fi wáyà yí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ṣe tiwọn lẹ́yìn náà.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé páìpù èéfín kì í ṣe ọ̀nà ìdalẹ̀nù lásán. Nígbà tí èéfín gbígbóná bá tú jáde, ìgbì ń bá a jáde. Bí ìgbì yìí bá dé ibi tí páìpù ti fẹ̀ tàbí ibi tí ó parí sí, apá kan rẹ̀ a padà sẹ́yìn, bí gbohùngbohùn ṣe ń dá ohùn ẹni padà láti ara òkè. Àkókò kúkurú kan sì wà tí fáàfù méjèèjì inú ẹ́ńjìnnì jọ máa ń ṣí sílẹ̀. Bí ìgbì tí ó padà dé ní àkókò yìí bá jẹ́ èyí tí ń fà, yóò fa ìyókù èéfín jáde, afẹ́fẹ́ tuntun yóò sì rí àyè wọlé. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń tì, yóò ti èéfín padà sínú sílíńdà, yóò sì ba èyí tí ń wọlé jẹ́.

Gígùn páìpù kì í yí padà, ṣùgbọ́n eré ẹ́ńjìnnì ń yí padà. Bí ẹ́ńjìnnì onírìn-mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 1,500 láàrin ìṣẹ́jú kan, fáàfù èéfín rẹ̀ yóò ṣí ní ìgbà 750. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 6,000, yóò ṣí ní ìgbà 3,000. Ìgbì tí ó bá àkókò mu fún èyí kò lè bá àkókò mu fún ìyẹn. Páìpù tí wọ́n ṣe fún eré ńlá a máa dá ìgbì tí ń tì padà nígbà tí eré kò bá tó nǹkan. Ibẹ̀ ni fáàfù ti ń ṣe bí oníbodè: bí eré bá kéré, ó ń pa ọ̀nà dé díẹ̀ kí ìgbì náà má baà lágbára; bí eré bá ti ń pọ̀ sí i, ó ń ṣí i títí yóò fi là gbayawu.

Bí wọ́n bá yọ oníbodè yìí, agbára ìsáré ńlá lè má yí padà, nítorí pé ṣíṣí ni fáàfù wà nígbà náà tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni àdánù yóò ti bẹ̀rẹ̀: awakọ̀ yóò lọ́ ọwọ́ epo, ẹ́ńjìnnì yóò lọ́ra kí ó tó gbéra.

4.0 Ìdí tí Ìgbàgbọ́ Náà Fi Fìdí Múlẹ̀

Ìdí kìn-ín-ní ni ariwo. Páìpù tí ó là a máa dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, etí a sì máa gba ariwo bí agbára. Bẹ́ẹ̀, àgbá òfìfo ni í pariwo.

Ìdí kejì ni pé fáàfù a máa lẹ̀. Ìdọ̀tí èéfín àti ìpẹta a máa mú awo irin náà le pinpin, wáyà rẹ̀ a sì máa há. Bí ó bá lẹ̀ sí ìdajì, ọkọ̀ náà kò ní lè sáré. Ẹni tí ó bá yọ irú èyí yóò rí ìyàtọ̀, yóò sì rò pé fáàfù ni ọ̀tá. Fífọ̀ ọ́ àti títún wáyà rẹ̀ ṣe ì bá fún un ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí kẹta ní òtítọ́ nínú. Lórí àwọn alùpùpù kan tí ó dé lẹ́yìn, nítorí òfin ariwo ní Yúróòpù ni wọ́n ṣe ń pa fáàfù dé ní àwọn eré kan. Yíyọ rẹ̀ lórí irú èyí lè mú kí ìdáhùn yá díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n epo ṣe. Bí wọ́n bá sì yọ mọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn, iná ìkìlọ̀ lè tàn lójú aago ọkọ̀.

5.0 Ọ̀kadà Ojú Pópó

Bajaj Boxer, tí ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn ọlọ́kadà, kò ní fáàfù nínú páìpù. Nítorí náà, inú sáléńsà nìkan ni ó kù fún ẹni tí ó bá fẹ́ yọ nǹkan. Bí wọ́n bá gé e láìtún kábúrétọ̀ ṣe, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ju epo lọ. Ojú púlọ́ọ̀gì yóò funfun, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná lódìlódì, sáléńsà yóò sì máa yìnbọn nígbà tí awakọ̀ bá dẹ ọwọ́ epo. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ yìí wá oúnjẹ òòjọ́ ni yóò san owó ẹ́ńjìnnì tí ó bá bàjẹ́.

Àwọn ohun tí ń fa ìlọ́ra kò tó bẹ́ẹ̀ nínáwó. Wáyà ọwọ́ epo lè dẹ̀ jù. Eruku lè dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Ihò kékeré inú kábúrétọ̀, tí epo ń gbà nígbà tí eré kò tó nǹkan, lè dí. Púlọ́ọ̀gì lè ti gbó. Àlàfo fáàfù inú ẹ́ńjìnnì lè ti kúrò ní ìwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kí mẹkáníìkì yẹ gbogbo èyí wò kí ó tó mú ayùn irin.

Àwọn tí kò gun ọ̀kadà pẹ̀lú ń jẹ nínú ìyà náà. Ariwo sáléńsà tí wọ́n gé ń wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, olùkọ́ a sì dákẹ́ dúró kí ó tó lè parí gbólóhùn rẹ̀. Nàìjíríà ní ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo láti ọdún 2009.

6.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohun mẹ́ta ni gbólóhùn kan bò mọ́lẹ̀. Yíyọ èkínní ń pa ẹ́ńjìnnì. Yíyọ èkejì, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ní in, ń dín agbára ìgbéra kù. Gígé ẹ̀kẹta ń mú ariwo àti ooru wá. Olùkọ́ Yorùbá lè fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni ní pọ́n-na, nítorí pé àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní ojú títì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wá sí ilé-ìwé, àṣìlóye rẹ̀ sì ń náni lówó. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kí ó kọ́ láti bi mẹkáníìkì kò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fáàfù wo?"